Orúkọ Ọmọ Yín Ò Tíì Jáde: Ìwé Ìlàlóye fún Ìdílé Yorùbá ní Tamale

Ọmọ yín ti ra fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì UDS (University for Development Studies), ó ti kọ ọ́, ó ti fi ránṣẹ́. Orúkọ àwọn ojúgbà rẹ̀ kan ti jáde, tirẹ̀ ò tíì jáde. Wọn ò ní àwọn gbà á, wọn ò sì ní àwọn ò gbà á. Ìdákẹ́ yìí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀.

Ohun tó ń fà á

Nígbà tí UDS bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Nyankpala lọ́dún 1993, akẹ́kọ̀ọ́ 39 péré ló gbà. Látìgbà tí ìjọba ti sọ ẹ̀kọ́ girama àgbà (SHS) di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2017, ọmọ tó ń kan ilẹ̀kùn yunifásítì ti pọ̀ sí i gan-an. Nítorí náà, ìpele ìpele ni orúkọ ń jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un láti sanwó. Bí kò bá san, tàbí tó gba ibòmíràn lọ, àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó kàn.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọmọ dúró sí, ẹ wo èsì WASSCE, ìdánwò àṣejáde girama, pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ń kà pọ̀: mẹ́ta tó jẹ́ dandan, mẹ́ta tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn. A1 jẹ́ 1, C6 jẹ́ 6. Ẹni tó gba C6 nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní 36, ibẹ̀ sì ni ààlà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kọ́ tí èrò ń wọ́ tọ̀, bíi ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì, ń fẹ́ iye tó kéré sí i dáadáa. Ọmọ tó kàwé gidi lè wà lẹ́yìn nítorí pé àwọn tó wà níwájú pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní olódo.

Owó yín

Àsìkò yìí gan-an ni ìpè àwọn oníjìbìtì máa ń wọlé sí fóònù ìyá lójà Aboabo. Ohùn jẹ́jẹ́, á pe orúkọ ọmọ gẹ́lẹ́, á ní àyè “protocol” kan, àyè ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ló kù, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ lórí MoMo kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi pẹ́sẹ́wà kan ránṣẹ́. Lẹ́tà ìgbàwọlé ni yóò sọ ibi tí ẹ ó ti sanwó. Bí lẹ́tà ò bá sí, ẹ má san nǹkan kan. PIN fọ́ọ̀mù náà, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ara ọmọ

A ń rí àwọn ọmọ tó ń dúró báyìí ní kílíníìkì wa: orí ń fọ́ wọn, inú ń run wọ́n, oorun ò kùn wọ́n. Aago méjì òru, ọmọ ṣì wà lójú fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já gaara, ó ń tẹ nọ́ńbà fọ́ọ̀mù rẹ̀ léraléra láti wò ó bóyá orúkọ ti jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó láti yẹ orúkọ wò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí fóònù sùn ní yàrá òbí. Kí ọmọ jẹun, kó sì máa bá yín dé ìsọ̀. Ẹ má sì bi í léèrè níwájú àlejò.

Bí ó bá ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ má kà á sí òwe lásán. Ẹ mú un wá sí kílíníìkì lọ́jọ́ náà, ẹ má dá a nìkan sílẹ̀.

Ìwé ọwọ́ yín

Kí orúkọ inú Káàdì Ghana, ìwé ìbí àti èsì WASSCE bára mu. Sikiru níbí, Shakiru lọ́hùn-ún, ó ń dá ọmọ dúró. Ẹ̀yin tí òfin àjèjì ọdún 1969 lé àwọn òbí yín kúrò ní Ghana nítorí ìwé ìgbélùú, ẹ kúkú mọ ohun tí bébà lè dá sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń dúró, ẹ tún béèrè àyè ní Tamale Technical University àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ Bagabaga. Bí ọmọ bá wọlé níbẹ̀, tó sì pinnu láti lọ, kó má sanwó ní UDS bí orúkọ rẹ̀ bá padà jáde, kí àyè náà lè tètè kan ẹlòmíràn tó ń dúró.