Gígé àti Títo Fídíò: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ó Gba Òtítọ́

Lóde òní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè ya fídíò oko, ti ọjà tàbí ti ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n yíyà nìkan kò tó. Kí fídíò tó di ohun tí ará ìlú yóò jókòó wò, a ní láti gé e, kí a sì tò ó.

Ní ayé fíìmù àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí Ọlá Balógun ṣe eré Àjàní Ògún ní ọdún 1976, abẹ ni a fi ń gé fíìmù, téèpù tàbí gọ́ọ̀mù ni a sì fi ń so ó pọ̀. Ní ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Adobe gbé ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Premiere jáde. Owó ni a fi ń lo ìyẹn; ṣùgbọ́n àwọn ètò mìíràn, bíi Shotcut àti Kdenlive, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú wọn, gígé kì í ba fídíò tí a kọ́kọ́ yà jẹ́. Ibi tí abala kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí ni ètò náà ń kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa fídíò àkọ́yà rẹ́ kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí Ọjà Tuntun ní Ìlọrin láti ya fídíò nípa èlùbọ́. Ohun tí ó yà tó ogójì ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni olùkọ́ rẹ̀ béèrè. Kí ó kọ́kọ́ wo gbogbo rẹ̀ tán, kí ó sì kọ ibi tí ọ̀rọ̀ gidi wà sínú ìwé. Lẹ́yìn èyí, kí ó to àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ léra lórí ìlà àkókò. Níbi tí ó bá ti gé ọ̀rọ̀, kí ó fi àwòrán ọwọ́ tí ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ bo ojú ibẹ̀. Kí ó sì tẹ́ ariwo ọjà tí ó gbà lọ́tọ̀ sábẹ́ gbogbo rẹ̀, kí ohùn má baà máa já lójijì.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bí ọlọ́jà bá wí pé, “Èlùbọ́ wọ́n, nítorí òjò kò jẹ́ kí ó gbẹ, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò rọjú,” tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gé e sí “Èlùbọ́ wọ́n,” ìdí ọ̀rọ̀ ti sọnù. Olùwòran lè rò pé ọlọ́jà ń fẹ́ rẹ́ ènìyàn jẹ. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí lọ́jà lọ́jọ́ náà kò ní ohun tí yóò fi sọ àbọ̀ di odindi.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà, kí ó sì ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn. Nígbà tí ó bá parí, kí ó gbé fídíò náà padà lọ sí ọjà, kí ọlọ́jà wò ó kí àwọn ará ìta tó rí i.