Ọ̀pá Gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Ewu Gbígbára lé Orísun Kan Ṣoṣo

Gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú sílíńdà ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, fún oúnjẹ sísè kọ́ ni àlàyé yìí dá lé. Tinú sílíńdà a máa di olómi bí wọ́n bá fi agbára kì í mọ́nú rẹ̀, ó sì rọrùn láti gbé káàkiri. Gáàsì àdáyébá kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀pá ni ó ń gbà, àfi bí wọ́n bá mú un tutù ju yìnyín lọ lọ́nà jíjìn kí ó tó lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí ó ń ti inú ọ̀pá ra gáàsì kò lè ṣàdédé kọrí sí ọ̀dọ̀ ọlọ́jà mìíràn.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2003 ni àwọn olórí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà tọwọ́ bọ àdéhùn ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ti gbéra. Ó wọ inú òkun ní Àgbádárìgì, ó yà sí Kútọnu, Lomé àti Tema, ó sì parí sí Takoradi. Iná mànàmáná ni wọ́n ń fi gáàsì rẹ̀ pèsè jù lọ.

Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan tí àwọn ajalèlókun kọlù ba ọ̀pá náà jẹ́ nítòsí Lomé. Gáàsì dáwọ́ dúró títí di nǹkan bí ààrin ọdún 2013. Ohun tí ojú àwọn ará Gánà rí kò kéré: ó wà lára ohun tí ó sọ 'dumsor', èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ Akan fún iná tí ń lọ tí ń bọ̀, di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọlọ́jà àti oníbàárà kò sì bá ara wọn jà o; ìdákọ̀ró lásán ni.

Ní Yúróòpù, ìjà ni ó fà á. Ní 2021, ìdajì gáàsì tí Jámánì rà láti òkèèrè, ó kéré tán, wá láti Rọ́ṣíà. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Yukréènì ní 2022, ó dín in kù títí ó fi dáwọ́ èyí tí ó ń gba ọ̀pá Nord Stream dúró. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti ṣí èbúté gáàsì olómi sí Wilhelmshaven. Ṣùgbọ́n Jámánì lówó lọ́wọ́.

Gánà ní tirẹ̀ yíjú sí gáàsì abẹ́ òkun rẹ̀, tí ibùdó Atuabo bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ní 2014. Ní 2019, wọ́n mú kí apá kan ọ̀pá kan náà lè gbé gáàsì láti ìwọ̀-oòrùn Gánà lọ sí Tema, ní òdìkejì ọ̀nà tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń rì í sínú òkun.