Ògiri ni Ilé Ológbò

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Ìbàdàn tí a ń kó iṣu àti gààrí sí tẹ́lẹ̀. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ ní 7. Ọdún kejì rèé tí mo ti kó iṣu kúrò níbẹ̀, tí mo fi yàrá náà fún Àṣàkẹ́, ológbò mi. Àwọn tó bá gbọ́ máa ń béèrè pé kí ni ológbò fẹ́ fi odidi yàrá ṣe. Mo máa ń ní kí wọ́n wọlé wá wò ó. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń wò, wọn kì í sì í rí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbójú sókè ni wọ́n ń rí Àṣàkẹ́ lórí pákó, tó ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú un wálé, mo ra ibùsùn kékeré kan tó rọ̀ bí òwú fún un, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kò sùn sí i lọ́jọ́ kan. Orí wọ́dúróòbù ló ń fò lọ, á lọ ká jọ sórí àpò Ghana-must-go tí mo kó aṣọ òtútù sí. Mo rò pé ó kórìíra mi ni, ó sì dùn mí gan-an. Dókítà ẹran tó gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ló là mí lóye.

Inú ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá ènìyàn gbé: ní erékùṣù Cyprus, àwọn awalẹ̀pìtàn rí sàréè ènìyàn kan tí ológbò sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ọdún 9,500. Síbẹ̀, ìwà ìgbẹ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ń pa eku, ẹran tó jù ú lọ sì ń pa òun náà. Ẹni tó ń dọdẹ tí wọ́n tún ń dọdẹ rẹ̀, ibi gíga ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀, níbi tí ògiri ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì tó ẹnu ọ̀nà. Dókítà tún bi mí pé kí ló wà nínú àpò yẹn. Mo ní aṣọ àti kánfọ̀. Ó ní kí n lọ yọ kánfọ̀ náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí májèlé tí ẹ̀dọ̀ tiwa lè borí, ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè borí púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀tapíapíà àti òdòdó lílì náà léwu fún un. Parasitamọ́ọ̀ kan ṣoṣo tó fún wa ní ìrọ̀rùn lè pa á.

Mo pe káfíńtà àdúgbò wa. Mo ní kó kan pákó mẹ́ta mọ́ ògiri, kí àkọ́kọ́ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀, ìkejì 3 àbọ̀, ìkẹta 5, kí wọ́n tò bí àtẹ̀gùn lọ sí ọ̀nà fèrèsé. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ìwé lẹ fẹ́ tò sí i ni?" Mo ní ológbò ni. Ó wo Àṣàkẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó fi téèpù wọn ọ́n níbi tó nà sí, ó wá ní ínṣì 8 tí mo ní kí pákó fẹ̀ kò tó, ínṣì 12 ni kó jẹ́, kó lè nà gbalaja. Òótọ́ ló sọ.

Àdìrẹ ẹlú tí mo rà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ni mo fi rán ìbòrí fóòmù tí mo tẹ́ sórí pákó. Ó bá ògiri funfun mu, ó sì bá ojú Àṣàkẹ́ mu pẹ̀lú: ológbò ń rí àwọ̀ ẹlú dáadáa, ṣùgbọ́n pupa kò yàtọ̀ púpọ̀ sí eérú lójú rẹ̀. Aṣọ òkè ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lò nítorí ẹwà rẹ̀. Èékánná Àṣàkẹ́ há sínú òwú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wájawàja etí aṣọ náà. Òwú tí ológbò bá gbé mì lè fún ìfun rẹ̀ pọ̀ títí tí yóò fi ya, nítorí náà mo ká aṣọ òkè náà padà sínú àpótí.

Òpó ni mo fẹ́ràn jù nínú yàrá náà. Pákó tó nípọn ní ínṣì 2, tó fẹ̀ ní 4 ni, mo wé okùn mọ́ ọn ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 3. Okùn tó le, tó ń họ ọwọ́, ni mo lò, kì í ṣe okùn ọ̀rá, ó sì gbà tó mítà 27. Ẹ wo Àṣàkẹ́ nígbà tó bá jí. Á yán, á rìn lọ sídìí òpó, á nara títí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí okùn parí sí, á wá fa èékánná wálẹ̀. Ó máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya àpò sìmẹ́ǹtì. Bí mo bá gbá ìdí òpó, mo máa ń rí èèpo èékánná níbẹ̀, tín-ín-rín, tí inú rẹ̀ ṣófo bí èèpo ìrẹsì. Èyí tó ti gbó ló ń bó kúrò. Òórùn tún ń jáde láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí imú wa kò lè gbọ́, òun ló fi ń sọ pé ibí yìí, tèmi ni. Ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè ni, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni torí àga lu ológbò tí wọn kò fún ní òpó. Kí òpó náà sáà dúró gbọin. Bó bá ń mì, kò ní padà síbẹ̀.

Bàsíà oníke tó fẹ̀ ni mo fi ṣe ilé ìgbẹ́ rẹ̀, igun tó jìnnà sí oúnjẹ ni mo gbé e sí. Ìyẹ̀ pákó tí wọ́n ń kó dànù níbi tí wọ́n ti ń la igi ní Bódìjà ló wà nínú rẹ̀. Bí ológbò bá jẹ́ méjì, kí bàsíà jẹ́ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó o, nítorí kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, ó sì máa ń tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lè ran ènìyàn. Kí aboyún má fọwọ́ kàn án rárá.

Ohun kan wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Páànù ló bo ilé wa. Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà dé, pákó kẹta gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Àṣàkẹ́ fi ń wá sílẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, á na ikùn sórí sìmẹ́ǹtì. Mo wá gbé tábìlì kúkúrú kan síbẹ̀, mo fi aṣọ bò ó dé ilẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì di ibi òjìji àti ibi ìfarapamọ́ rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló padà sókè.

Ní ti fèrèsé, a máa ń sọ pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ológbò tó já láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè fi ẹsẹ̀ balẹ̀ kí àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì onírin sí i, kì í ṣe ti ẹ̀fọn lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú yàrá yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wo ibi tí ológbò yín ń sá lọ sùn nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pè é. Ibẹ̀ ni kí ẹ mú káfíńtà lọ.