Kókó Ọrùn: Àyẹ̀wò ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Abẹ

Ọrùn kì í ṣe ibi tí aṣọ ń bò pátápátá. Ìdí nìyí tí ẹni tí kókó bá yọ sí lọ́rùn kì í fi í ní sùúrù. Ẹni tí yóò bá a mú un kúrò kíákíá ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú abẹ: irú kókó wo ni? Orúkọ kan náà ni à ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀, ìtọ́jú wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Kókó olómi ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àpò kékeré ni, tí omi tàbí ohun kíki kún inú rẹ̀. Oríṣi kan wà lára awọ gan-an. Bí a bá fi ọwọ́ ti awọ, òun náà yóò bá a lọ. Ẹni tí ó bá ń fún un kàn ń da ohun inú rẹ̀ nù ni. Bí àpò rẹ̀ bá kù, yóò tún kún. Dókítà a máa fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú, a sì yọ àpò náà lódindi. Bí ó bá gbóná, tí ó sì ń roni, oògùn ni yóò kọ́kọ́ lò kí ó tó dé orí abẹ.

Oríṣi kejì a máa yọ sí àárín ọrùn, nítòsí gògóńgò, pàápàá lára ọmọdé. Bí ọmọ náà bá yọ ahọ́n síta, kókó náà yóò gòkè. Nínú oyún, ìdí ahọ́n ni ẹ̀yà ara tí a ń pè ní táírọ́ìdì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọrùn. Bí ọ̀nà tí ó gbà kò bá dí, omi lè gbára jọ síbẹ̀. Ní ọdún 1920, Walter Sistrunk, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé a ní láti yọ kókó, ọ̀nà náà, àti àárín egungun kékeré tí ó wà lókè gògóńgò pọ̀. Àgbẹ̀ tí ó gé èpò lórí tí ó fi gbòǹgbò sílẹ̀ mọ̀ pé òun yóò tún padà wá. Ṣùgbọ́n kí a tó gé e, a ní láti fi ẹ̀rọ wo ọrùn, nítorí nígbà mìíràn inú kókó náà ni gbogbo táírọ́ìdì ọmọ náà wà.

Bí ó bá jẹ́ inú táírọ́ìdì ni omi wà, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fà á. Bí ó bá tún kún, ó lè fi ọtí líle ti ilé ìwòsàn sínú rẹ̀ kí àpò náà lè sún kì. Bí ó bá ń fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀, a lè lo abẹ.

Èyí tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni ó gba ìṣọ́ra jù. Lára ọ̀dọ́, ó lè jẹ́ àbímọ́, abẹ a sì máa yọ ọ́. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí ó ti lé ní ọdún 40, jẹjẹrẹ inú ọ̀fun lè fara hàn bí kókó olómi lásán. Nítorí náà, dókítà ní láti wo ọ̀fun, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ yẹ̀ wò ná.

Ẹni tí kókó ọrùn rẹ̀ bá ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, tàbí tí ó le, tí ohùn há, tí oúnjẹ kò gbé mì dáadáa, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí èémí bá ń ṣòro, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ.