Òkè Yìnyín Taos àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀ AS

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò máa wí pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Àwa tí a ń gbé ní Sugar Land, lẹ́bàá Houston, mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Ilẹ̀ tiwa tẹ́ bí ẹní; gíga rẹ̀ sí òkun kò tó ẹsẹ̀ bàtà 150. Bírììjì márosẹ̀ ni ó ga jù nínú ohun tí à ń gùn. Nítorí náà, nígbà tí ìsinmi dé, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin dá owó jọ, a háyà ọkọ̀, a di ìrẹsì àti dòdò sínú kúlà, ó di Taos Ski Valley ní ìpínlẹ̀ New Mexico.

Ernie Blake, ọkùnrin kan tí a bí ní Jámánì, ni ó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1955. Ẹsẹ̀ òkè náà nìkan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9,200. Ṣóńṣó orí Kachina sì jẹ́ 12,481. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, lè rò pé òun ti mọ òkè. Ẹ jẹ́ kí ó dé Taos ná! Ibi tí àlejò kọ́kọ́ rí dúró ṣánṣán bí ògiri, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé pátákó kan síbẹ̀ láti sọ fún àlejò pé kí ó má fòyà, pé ìdá kan nínú 30 òkè náà ni ojú rẹ̀ ń rí, àti pé ibi tó rọrùn wà pẹ̀lú.

Snowboard ni a lọ kọ́. Pákó kan ṣoṣo ni, a ó sì de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn. Ní 1965, ní Michigan, Sherman Poppen so síkì méjì pọ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ láti fi ṣeré, ibẹ̀ ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àwọn onísíkì kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Taos kò gba oní-snowboard láàyè títí di oṣù kẹta ọdún 2008. Alta àti Deer Valley ní Utah, àti Mad River Glen ní Vermont, kò tíì gbà wọ́n. Ẹ bèèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó pákó.

Etí pákó ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà: gìgísẹ̀ ni a fi ń tẹ etí kan, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ èkejì. Bí a bá tẹ́ pákó sílẹ̀ gbalaja láìtẹ etí kankan, kíá ni yóò gbé ni ṣubú. Ìṣubú náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ di ọwọ́ yín ní ìkúùkù, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀, nítorí ọrùn ọwọ́ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sábà máa ń ṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Kí a tó kúrò nílé ni ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa bèèrè pé, "Ta ni nínú yín tó jẹ́ AS?" Gbogbo wa dákẹ́. Nígbà tó yá, àbúrò wa ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Àbí ìyàwó ni a ń lọ fẹ́ ní Taos ni?"

Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ̀ ọ́n lára títí ayé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ẹsẹ̀ òkè Taos fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín sí ti etí òkun. Níbi tó ga báyìí, ẹ̀jẹ̀ AS lè ká kò bí dòjé, kí ó sì dí ọ̀nà nínú ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tí òyìnbó ń pè ní spleen. Àwọn oníṣègùn ti rí èyí lára àwọn tó gun òkè ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò ṣàìsàn rí.

Inú àbúrò wa kò dùn. Ó ní, "Ẹ fẹ́ sọ mí di aláìsàn lójijì." A ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó lọ rí dókítà. Dókítà kò dá a dúró. Ó ní kí ó gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó mu omi púpọ̀, kí ó má ṣe àṣejù, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ìhà òsì bá ń dùn ún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo wa fi sun oorun méjì ní Santa Fe, níbi tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7,000, kí a tó lọ sí Taos. Ibi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, a sì ń sinmi lóòrèkóòrè. Àbúrò wa ni ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń yí pákó sápá òsì àti ọ̀tún!

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé yìnyín kì í ṣe ti wa. Ní Houston níhìn-ín ni Seun Adigun ti fi igi kan ọkọ̀ ìyọ̀ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìdánrawò. Ní 2018 ni wọ́n sì ṣojú Nàìjíríà ní Pyeongchang, ẹgbẹ́ bobsled àkọ́kọ́ láti Áfíríkà ní Òlíńpíìkì. Ẹ lọ, ẹ gbádùn ara yín. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kì í bèèrè ẹ̀jẹ̀ ara wa àfi bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé. Bí ẹ bá ń lọ sí òkè gíga, ẹ bèèrè rẹ̀ nílé, kí ẹni tó jẹ́ AS má fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tó bá sì jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀. Ó dìgbà kan ná.