Kẹ́tùlù Wà, Ọṣẹ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí abala ìlera àti ìmọ́tótó lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í fẹ́ sọ ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kò kàn lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a ń ṣe àsàlátù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun, oṣù mẹ́ta ló sì lò níbẹ̀. Nígbà tí a ṣe àdúrà tán, àwọn obìnrin ní kí ó sọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Màmá kò sọ̀rọ̀ òtútù, kò sì sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, wọn kì í ṣan ìdí! Bébà ni wọ́n fi ń nù ún!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní kẹ́tùlù wà nílé ọmọ òun, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti jáde lọ sí ọjà tàbí ọsibítù, wàhálà dé. Òun kò rí omi, òun kò sì lè fi bébà nù ún kí òun tún kírun. Nítorí náà, òun a máa di ìtọ̀ mọ́ra títí àwọn yóò fi padà délé. Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta òun, ọmọ òun sì gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ewu àjò. Àwọn tí ẹ rí níbẹ̀, bí wọ́n bá nu ìdí tán, kí ni wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó jáde?"

Màmá ronú díẹ̀. "Wọ́n á fọ ọwọ́."

"Kí ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, Màmá?"

"Ọṣẹ wà lára ògiri, omi gbígbóná sì ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ."

Nọ́ọ̀sì wá nawọ́ sí ẹ̀yìn mọ́sáláṣí wa. "Kẹ́tùlù mẹ́sàn-án ló wà lọ́hùn-ún. Ta ló rí ọṣẹ níbẹ̀ rí?"

Ẹ̀rín dá. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn wa.

Omi, bébà àti òkúta

Ohun tó ya Màmá lẹ́nu ti ya àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú náà lẹ́nu rí. Ìwé kan wà tí wọ́n kọ ní èdè Lárúbáwá ní ọdún 851, tó kó ìròyìn àwọn oníṣòwò tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà àti Ṣáínà jọ. Lára ohun tí ìwé náà sọ ni pé àwọn ará Ṣáínà kì í fi omi ṣan ìdí, bébà ni wọ́n fi ń nù ún. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1857 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Gayetty bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà tí wọ́n ṣe fún ìdí nínù nìkan. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé ìròyìn àtijọ́, ewé àti kùùkù àgbàdo ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Àwọn bàbá wa lóko náà mọ ewé àti kùùkù àgbàdo dáadáa, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ fún ara wa.

Kì í sì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ló ń lo omi. Ní Íńdíà, àti ẹlẹ́sìn Híńdù àti Mùsùlùmí ló ń gbé omi dání lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní Ítálì, láti ọdún 1975 ni òfin ti sọ pé ilé gbígbé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àwo pẹlẹbẹ kan tó ní ẹnu ẹ̀rọ, tí èèyàn yóò jókòó lé láti ṣan ìdí. Ní Finland, rọ́bà omi kékeré máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀. Ní Japan, ilé iṣẹ́ TOTO gbé ìjókòó kan jáde ní ọdún 1980 tó ń fi iná mànàmáná tú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí èèyàn nídìí. Ní Tọ́kì, ẹnu páìpù tín-ín-rín kan wà nínú ìjókòó náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ro pé òyìnbó lẹlẹ́gbin, àwa la mọ́, kò tíì rìn jìnnà. Àṣà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, oníkálukú sì ń wo ti ẹnì kejì bí ohun ìrira.

Ẹni tó lóṣòó àti ẹni tó jókòó

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ lílóṣòó àti jíjókòó. Àwọn ará Tọ́kì ń pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alájókòó ní ti àwọn òyìnbó. Àwọn ará Faransé sì ń pe èyí tí èèyàn ń lóṣòó sí ní ti àwọn ará Tọ́kì. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú méjèèjì, oníkálukú ló sì ní ìwúlò tirẹ̀.

Bí èèyàn bá lóṣòó, ọ̀nà ìgbẹ́ máa ń là dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń le nímọ̀ràn pé, bó bá jẹ́ alájókòó ló wà nílé rẹ̀, kí ó fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ lè ga ju ìbàdí lọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, aláboyún, àti ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú rí, ìjókòó ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù.

Ohun tí kò dára ni kí èèyàn gun orí ìjókòó tánganran lóṣòó. Tánganran lè fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ lọ. Ẹ sọ fún àwọn òbí tó ń lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra Hájì, ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà ní Mínà, lílóṣòó ni wọ́n ń lóṣòó sí i, rọ́bà omi ló wà níbẹ̀, ìlà sì máa ń gùn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà á, kí ó tètè sọ fún olórí ikọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra nílé.

Ohun tí ẹ̀sìn kọ́ wa

Wọ́n fi sàábé ńlá nnì, Salman al-Farisi, ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan pé Ànábì wọn ń kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan, títí kan bí wọn yóò ṣe yàgbẹ́. Ojú kò tì í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ka ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀: kí a má kọjú sí kíbílà, kí a má fi ọwọ́ ọ̀tún ṣan ìdí, kí òkúta tí a fi ń nu ìdí má dín ní mẹ́ta, kí a má sì lo egungun tàbí ìgbẹ́ ẹran.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òkúta mẹ́ta yẹn. Ó fi hàn pé nínú nǹkan gbígbẹ ni ìrọ̀rùn wà fún ẹni tí kò rí omi. Àwọn onímọ̀ sì ti sọ pé tíṣù tó mọ́, tó ń fa nǹkan, tó sì ń mú ẹ̀gbin kúrò lára pátápátá, lè dúró ní ipò òkúta. Omi ló dára jù, kí a fi tíṣù nù ún kí a tó fi omi ṣàn án tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ìyá wa yóò fi máa di ìtọ̀ mọ́ra ní ìlú òyìnbó títí yóò fi di àìsàn. Ìgò omi kékeré nínú báàgì yóò ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá sí ìgò, tíṣù wà. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó bi àáfáà rẹ̀ kí ó tó rìnrìn-àjò.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí a kì í sábà sọ. Ìyá wa Maimunah, ìyàwó Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ròyìn bí Ànábì ṣe wẹ ìwẹ̀ jánábà. Ó ní lẹ́yìn tó fọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ilẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́. Omi nìkan kò tó o lójú. Ó wá ohun tí yóò bó ẹ̀gbin kúrò lọ́wọ́. Lóde òní, ọṣẹ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa.

Ibi tí àrùn ń gbà wọlé

Kòkòrò àrùn onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù, ìgbẹ́ gbuuru àti ẹyin aràn, inú ìgbẹ́ ni gbogbo wọn ń gbé. Ojú kò lè rí wọn. Ọ̀rá ara sì máa ń dì wọ́n mú sọ́wọ́. Omi lásán yóò ṣan díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọṣẹ ló ń tú ọ̀rá náà tí kòkòrò fi ń bá omi lọ.

Ẹ wá wo ìrìn-àjò kẹ́tùlù kan ní mọ́sáláṣí. Ẹnì kan gbé e wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù. Ó fi ọwọ́ òsì ṣan ìdí, ó da omi díẹ̀ sọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ara wọn, ó gbé kẹ́tùlù jáde. Ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọn omi sí i, ó sì jókòó ṣe àlùwàlá. Ọwọ́ tó fi di kẹ́tùlù yẹn mú ló fi bu omi yọ ẹnu. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n pín mósà sàráà, ọwọ́ kan náà ló gbà á. Àlùwàlá àwọn méjèèjì lè pé, kí àìsàn sì ti wọlé.

Òyìnbó tí Màmá rí ń fọ ọwọ́ kò bí ìmọ́tótó mọ́ra. Ikú ló kọ́ wọn. Ní ọdún 1854, onígbáméjì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow ló tọpa rẹ̀ dé ẹ̀rọ omi kan tí gbogbo wọn ń pọn. Kòtò ìgbẹ́ ilé kan ló ń jò sínú kànga ẹ̀rọ náà.

Ní tiwa, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 48 èèyàn ní Nàìjíríà ló ṣì ń yàgbẹ́ síta gbangba. Bẹ́ẹ̀, Ànábì wa ti kìlọ̀ pé kí a má yàgbẹ́ sójú ọ̀nà tàbí sábẹ́ ibòji tí àwọn èèyàn ń sinmi sí, kí a má sì tọ̀ sínú omi tó dúró sójú kan. Mùsùlùmí tó ń fi ìgbẹ́ sínú ọ̀rá jù sójú gọ́tà, kò ní ẹnu láti fi òyìnbó oníbébà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ wà níbi tí ọwọ́ yóò ti kọ́kọ́ kàn án lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ fi ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ tó ṣan án. Bí kò bá sí ọṣẹ rárá, ẹ lo eérú.

Kẹ́tùlù ìgbọ̀nsẹ̀ yàtọ̀, kẹ́tùlù àlùwàlá yàtọ̀. Ẹ ra àwọ̀ méjì kí ọmọdé pàápàá lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Àwọn ará Japan máa ń fi sálúbàtà kan sílẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan, wọn kì í wọ̀ ọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà. Àṣà yìí dára fún wa, pàápàá níbi tí ọmọ ń rá kiri nílẹ̀.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kí wọ́n máa nu ara kí wọ́n sì máa ṣan án, kí ìgbẹ́ má baà kan ojú ara kí ó sì dá àìsàn sílẹ̀ nínú àpò ìtọ̀. Ẹni tó ṣan ìdí fún ọmọ kékeré, kí òun náà fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ìgbẹ́ ọmọdé kò mọ́ ju ti àgbà lọ.

Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ṣàlángá tàbí sọkẹ́wèé, kí ó jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Kí ó wo ti aládùúgbò mọ́ tirẹ̀.

Ní mọ́sáláṣí tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àdínì ra kẹ́tùlù aláwọ̀ ewé mẹ́fà fún àlùwàlá, àwọn mẹ́sàn-án àtijọ́ sì di ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan. Ọṣẹ wà nínú àpò àwọ̀n tí a so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí ó má baà já sílẹ̀. Màmá tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló gbà pé òun yóò máa ra ọṣẹ náà lóṣooṣù. Ó sì ń ṣọ́ ọ. Ọmọdé tó bá jáde láìfọwọ́, yóò gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn: "Ìwọ, padà! Ọṣẹ ńkọ́?"

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ wà láàárín wọn. Kí Ọlọ́hun gba ìmọ́ra wa, kí ó sì dá àrùn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Àmín.