Owó Ìlú, Ẹ Jẹ́ Kí Ìlú Mọ̀ Ọ́n
Kànga ẹ̀rọ àdúgbò wa l'Ọ̀wọ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì kan pé èló ni wọ́n ná lé e lórí. Akọ̀wé ní, “Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Òfin kò ní kí n sọ ìdí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2011 tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ti buwọ́ lu Òfin Òmìnira Ìròyìn, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi fèsì. Ọ́fíìsì tó bá kọ̀ láìtọ́ lè san ìtanràn ₦500,000.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin náà kò kan àwọn. Akọ̀ròyìn Martins Alo béèrè àbọ̀ àyẹ̀wò ìnáwó Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lọ́dún 2018, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn l'Ákùúrẹ́ dá a láre. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi òpin sí àríyànjiyàn: òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà tèmi, ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n, ẹ kọ tiyín.